Alángbá Nìkan Ni Kámẹ́rà Ń Wò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti àbúrò mi jókòó láti tún wo eré alápá méjì kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003 nípa bí Adolf Hitler ṣe gun orí àlééfà ní ilẹ̀ Jámánì. Robert Carlyle, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni wọ́n fi ṣe Hitler nínú rẹ̀. Eré náà kò tíì lọ jìnnà tí àbúrò mi fi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ojú ọkùnrin yìí dáadáa, kò jọ ọ́ rárá." Mo dá a lóhùn pé tí a bá fẹ́ bá eré náà wí, kì í ṣe ojú ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní níbo ló wá yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀? Èsì tí mo fún un lálẹ́ ọjọ́ náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn, nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, bóyá yóò lè yé wa yékéyéké.

Òwe kan ló wà nídìí ohun tí mo fẹ́ sọ, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa: bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣe eré nípa apàṣẹwàá máa ń náwó, wọ́n máa ń nára, wọ́n sì máa ń wá òṣèré ńlá kiri nítorí alángbá. Wọn a wá irun rẹ̀, wọn a wá ohùn rẹ̀, wọn a wá irú bàtà tó ń wọ̀. Ògiri ni wọn kì í sábà ráyè wá òṣèré fún. Ẹni tó bá sì wo irú eré bẹ́ẹ̀ tán yóò mọ bí alángbá ṣe rí láti orí dé ìrù, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tó gbà wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ òṣèré. Nínú Der Untergang, tó jáde ní 2004, Bruno Ganz, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló ṣe Hitler ní àwọn ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ayé ọkùnrin náà ní Berlin. Ganz lọ wo àwọn tí àrùn Parkinson ń ṣe ní ilé ìwòsàn, kó lè mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń gbọ̀n nígbà tí ẹni tó ni ín bá fẹ́ fi í pamọ́. Ó tún fetí sí ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1942, nígbà tí Hitler lọ kí Mannerheim, olórí ogun ilẹ̀ Finland, ní ọjọ́ tí ìyẹn pé ọmọ ọdún 75. Ẹ̀rọ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 nínú ọ̀rọ̀ wọn kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó fura, kí wọ́n sì ní kí wọ́n pa á. Ohùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹni tó ń pariwo. Ó wálẹ̀, ó rọra ń lọ, ó dà bí ohùn ẹni tó ń ṣàlàyé gbèsè fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ganz mú ohùn yẹn wọ inú eré, ẹ̀rù sì bà mí nígbà tí mo gbọ́ ọ ju ìgbà tó ń ké lọ.

Àmọ́ eré ìṣubú ni ìyẹn, eré ìṣubú sì yàtọ̀ sí eré ìgòkè. Ìṣubú ṣeé fi yàrá kan àti òṣèré kan ṣe, nítorí ohun gbogbo ti bàjẹ́ tán kí aṣọ ìkélé tó ká. Ìgòkè ní tirẹ̀ ń fẹ́ odindi orílẹ̀-èdè: ó ń fẹ́ adájọ́, ó ń fẹ́ olówó, ó ń fẹ́ akọ̀wé ìjọba, ó ń fẹ́ àwọn àgbààgbà òṣèlú tó rò pé àwọn gbọ́n ju ẹni tí wọ́n ń bá ṣe. Bí òṣèré tó wà láàárín bá dára tó, tí ìyókù bá jẹ́ ère amọ̀ tí wọ́n tò yí i ká, irọ́ ni eré náà ń pa, kódà bí bọ́tìnnì aṣọ ológun bá pé lórí gbogbo wọn.

Èyí ló mú mi padà sí eré ọdún 2003 náà. Nígbà tí Hitler ṣì jẹ́ ọmọ ogun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, a rí i níbi tó ti ń na ajá kan bí ẹni tó fẹ́ pa á. Ajá náà wà lóòótọ́. Foxl ni Hitler sọ ọ́. Ajá kékeré kan ni, tó sá wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Hitler fẹ́ràn rẹ̀ débi pé lẹ́yìn ohun tó lé ní ogún ọdún, ó ṣì ń sọ nípa bí wọ́n ṣe jí i gbé ní 1917. Kí ló dé tí wọ́n fi yí èyí padà? Mo rò pé ẹ̀rù ló ba àwọn tó kọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rù pé bí a bá rí i tó ń fọwọ́ pa ajá lórí, àwọn kan yóò ní wọ́n ń ṣàánú rẹ̀, bí ẹni pé ikú ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kò tó ẹ̀rí ìwà ibi, àfi tí a bá fi ẹkún ajá kún un. Ohun tó bí mi nínú nípa rẹ̀ ni pé irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ń kọ́ àwọn òǹwòran pé ìkà ènìyàn máa ń hàn lójú láti òwúrọ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ yẹn yóò rí ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ajá, tó ń fi ẹnu ko ọwọ́ àwọn ìyá àgbà, yóò sì ní eléyìí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

Bẹ́ẹ̀, ìtàn fúnra rẹ̀ ní ohun tó le ju ajá lọ, tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. Ọ̀gá ológun tó dábàá ní 1918 pé kí wọ́n fún Hitler ní àmì ẹ̀yẹ Àgbélébùú Onírin ti ipele kìíní, èyí tó fi sáyà títí ó fi kú, ni Hugo Gutmann. Júù ni Gutmann. Kò sí òǹkọ̀wé eré tó lè dá irú èyí sílẹ̀ kí a má sọ pé ó ti ń fi agbára dá àrà.

Ìṣòro kejì tí mo rí nínú iṣẹ́ Carlyle kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀ nìkan, ẹ̀bi ẹni tó darí rẹ̀ ni pẹ̀lú. Ìbínú ló fi bẹ̀rẹ̀, ìbínú ló sì fi parí. Ìlù tó bá dún àdúnjù, yíyà ló máa ń ya. Kí apá kejì tó bẹ̀rẹ̀, etí mi ti kú sí ariwo náà. Àwọn tó gbọ́ Hitler ní München ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1920 sí 1923 jẹ́rìí pé ó máa ń dúró láì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí yóò wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, bí ẹni tí ojú ń tì, kó tó di pé ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó ti iṣẹ́ yìí ni. Heinrich Hoffmann, ayàwòrán rẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń fi ọwọ́ àti ojú dánrawò bí yóò ṣe máa sọ̀rọ̀. Nítorí náà, òṣèré tó bá fẹ́ ṣe Hitler ń ṣe òṣèré mìíràn ni, tí kò bá sì fi hàn pé ọkùnrin náà mọ̀ pé eré lòun ń ṣe, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí eré náà ti ṣe dáadáa jù ni ilé Hanfstaengl, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Liev Schreiber ló ṣe Ernst Hanfstaengl, ọmọ olówó kan tó ga fíofío, tó kàwé ní Harvard, tó máa ń tẹ dùùrù fún Hitler. Julianna Margulies ló ṣe ìyàwó rẹ̀, Helene. Níbẹ̀ ni a ti rí ọkùnrin kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó láwùjọ àwọn èèyàn pàtàkì, tí àwọn èèyàn pàtàkì sì ń kọ́. Nínú ìtàn, kì í ṣe ilé yìí nìkan. Helene Bechstein, tí ìdílé ọkọ rẹ̀ ń ṣe dùùrù, àti Elsa Bruckmann, ìyàwó ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé kan ní München, wà lára àwọn tó fún un lówó, tí wọ́n mú un mọ àwọn ọlọ́rọ̀, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní ìwà ilé ọlá. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe jàǹdùkú. Aṣọ wọn mọ́, ilé wọn dùn ún wò, wọ́n sì rí i bí ọmọkùnrin tó ń fẹ́ àánú. Bí mo bá ń yan òṣèré, owó ńlá ni n bá ná sórí ipa Elsa Bruckmann, kí òǹwòran lè fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Nígbà ìdìtẹ̀ gbàjọba tí Hitler ṣe, tó kùnà ní München ní ọjọ́ 8 àti 9 oṣù kọkànlá ọdún 1923, ọmọ ọdún 34 ni Hitler. Nígbà tí Mussolini di olórí ìjọba ilẹ̀ Ítálì ní oṣù kẹwàá ọdún 1922, ọmọ ọdún 39 ni. A kì í sábà rántí èyí, nítorí àwòrán wọn tó wà lọ́kàn wa jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ti gbó. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí bí wọ́n ṣe fi Luca Marinelli ṣe Mussolini nínú eré alápá mẹ́jọ tí Joe Wright darí nípa ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba náà, nítorí ọdún 1984 ni wọ́n bí Marinelli, ọjọ́ orí òun àti ti Mussolini ìgbà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì ni, èdè Ítálì ló sì fi ṣe é. Ó máa ń yíjú sí kámẹ́rà, tí yóò bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ́gbọ́n, àwa náà a sì rẹ́rìn-ín kí a tó rántí ẹni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní ìyẹn kì í ṣe ìtàn nítorí Mussolini kò bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Èmi rò pé ó sún mọ́ òtítọ́ ju ajá tí wọ́n ń nà lọ, torí akọ̀ròyìn ni Mussolini ní tòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú kí òǹkàwé rò pé àwọn méjèèjì jọ mọ àṣírí kan.

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo fẹ́ fi wọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Nínú eré 2003, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ. Mi ò bínú sí ìyẹn, nítorí ẹni tó bá ń ṣe eré fún àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ wọ́n. Ohun tó sọnù ni pé a kò gbọ́ ọ létí mọ́ pé àjèjì ni ọkùnrin yìí. Ìlú Braunau ní Austria ni wọ́n ti bí Hitler, ahọ́n rẹ̀ sì ń sọ ibi tó ti wá fún gbogbo ará Jámánì tó bá gbọ́ ọ. Òfin ìgbà náà sọ pé àjèjì tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi fún irú ẹ̀ṣẹ̀ tó dá ní 1923 gbọ́dọ̀ kúrò nílùú. Ọlọ́pàá mẹ́rin kú nínú ìdìtẹ̀ yẹn. Adájọ́ Georg Neithardt jẹ́ kó fi ọ̀pọ̀ wákàtí sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lórí pèpéle, ó rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún péré, ilé ẹjọ́ náà sì kọ̀ láti lé e kúrò nílùú, wọ́n ní ẹni tó ti jagun fún Jámánì kì í ṣe àjèjì lójú àwọn. Ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 1924 ló jáde, kò tíì lo ọdún kan pé níbẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́.

Ní 1925, ó fúnra rẹ̀ kọ ìwé pé òun kì í ṣe ọmọ Austria mọ́. Láti ìgbà náà títí di 1932, kò ní orílẹ̀-èdè kankan. Ọkùnrin tó ń pariwo Jámánì káàkiri kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní Jámánì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí wọ́n dìbò fún un sípò ààrẹ. Báwo ni wọ́n ṣe yanjú rẹ̀? Ìjọba ìpínlẹ̀ Braunschweig, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Dietrich Klagges, jẹ́ mínísítà níbẹ̀, gbà á sí iṣẹ́ ọba, iṣẹ́ ọba náà ló sì sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1932. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ń bá Hindenburg, ààrẹ tó wà lórí oyè, du ipò ààrẹ. Ẹ fojú inú wò ó bí ìran eré: ọ́fíìsì kan, tábìlì kan, akọ̀wé kan, òǹtẹ̀. Kò sí ẹni tó pariwo níbẹ̀, kò sí àsíá, kò sí iná ògùṣọ̀. Bóyá akọ̀wé náà tilẹ̀ ń ronú oúnjẹ ọ̀sán. Olùdarí tó bá lè jókòó ti ìran yìí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láì fi orin kún un ti sọ fún mi nípa ìgòkè apàṣẹwàá ju ẹni tó kó ẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ kí wọ́n máa na ọwọ́ sókè.

Àwọn èrò ọ̀hún náà nìyẹn. Nínú irú eré báyìí, ńṣe ni èrò máa ń pọ̀ sí i láti ìran kan dé èkejì, àtẹ́wọ́ wọn a sì máa ga sí i, títí tí yóò fi dà bí pé odò tó kún ló gbé e wọ ilé ìjọba. Irọ́ tó tóbi jù nìyí, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í tọ́ka sí, nítorí kò hàn lára aṣọ. Ní 1928, ìdá 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni ẹgbẹ́ Hitler rí. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dojú dé, ó di ìdá 18.3 ní 1930, ó sì di 37.3 ní oṣù keje ọdún 1932, pẹ̀lú ìjókòó 230 nílé aṣòfin. Lẹ́yìn náà ló wálẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìdá 33.1 ló rí, ìjókòó 34 sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ń tán nínú àpò ẹgbẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bá ara wọn jà. Nígbà tí odò yìí ń fà ni wọ́n wá fi agbára lé e lọ́wọ́, kò tó oṣù mẹ́ta sígbà náà. Ẹni tí kò bá fi èyí hàn yóò mú kí a gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ti ṣe.

Bákan náà ló rí ní Ítálì. Àwọn tó ń rìn lọ sí Róòmù ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1922 wà nínú òjò, ohun ìjà wọn kò tó nǹkan. Luigi Facta, tó jẹ́ olórí ìjọba, ti kọ ìwé àṣẹ tí wọn ì bá fi lo ọmọ ogun láti lé wọn padà. Ọba Vittorio Emanuele Kẹta ló kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Mussolini kò bá wọn rìn lọ́nà kankan. Milan ló wà, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ ló wọ̀ wá sí Róòmù nígbà tí ohun gbogbo ti tòrò. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 35 péré nínú aṣòfin 535, síbẹ̀ aṣòfin 306 ló dìbò pé kí ìjọba rẹ̀ dúró, 116 ló kọ̀. Ọba yìí kúrú gan-an, kò ju nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀ lọ, àwọn èèyàn sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀tàn wà nínú ìyẹn fún ẹni tó ń yan òṣèré. Bí ó bá mú òṣèré kúkúrú kan wá láti pa wá lẹ́rìn-ín, a ó ní kíkéré tí ọba náà kéré ni kò jẹ́ kó lè dá wọn dúró. Bẹ́ẹ̀ ìfọwọ́síwèé ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni kúkúrú sì lè fọwọ́ síwèé.

Hindenburg ni òdì kejì rẹ̀. Ọkùnrin gíga, oníjàǹkà ara, tó dúró bí igi ìrókò. Ẹni ọdún 85 ni ní oṣù kìíní ọdún 1933. Peter O'Toole ni wọ́n fi ṣe é ní 2003. Mo fẹ́ràn O'Toole gan-an, ohùn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ kò ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì fi ojú ẹni tí kò ní pẹ́ lọ ṣe Hindenburg, tó fi jẹ́ pé ńṣe là ń káàánú rẹ̀. Níbí yìí, mo gbà fún àbúrò mi pé ìrísí ṣe pàtàkì, kì í kàn án ṣe ti Hitler. Àwọn ará Jámánì fọkàn tán Hindenburg nítorí pé ó rí bí ẹni tí kò lè ṣubú. Bí òṣèré tó ṣe é bá ti rí bí ẹni tó ń ṣubú lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ti fún ọkùnrin náà ní àwáwí. Orí rẹ̀ pé. Ó mọ ẹni tí Hitler jẹ́, ó ti kọ̀ ọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1932, ó sì yí ọkàn padà.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un nípa The Last King of Scotland, tó jáde ní 2006, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ òṣèré tó bá ipa mu. Òótọ́ ni. Forest Whitaker ṣe Idi Amin débi pé wọ́n fún un ní Oscar, ẹ̀rín àti ikú sì wà nínú ojú kan náà lára rẹ̀, èyí tí Carlyle kò rí ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n fi ṣe ojú wa nínú eré náà: dókítà ọmọ Scotland kan tí kò sí nínú ìtàn, tí wọ́n mú látinú ìwé ìtàn àròsọ, tí wọ́n tún wá fi sídìí ìyà tó jẹ Kay, ìyàwó Amin, obìnrin tó gbé ayé lóòótọ́, tó sì kú lóòótọ́ ní 1974. Àwọn ará Uganda wá di ẹni tó ń kú lẹ́yìn ìtàn ẹlòmíràn. Ìgòkè Amin pẹ̀lú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí dókítà náà tó dé. A kò rí i nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun ìjọba amúnisìn ní 1946, a kò rí àwọn ọ̀gá òyìnbó tó gbé e ga nítorí pé ó mọ ẹ̀ṣẹ́ jà dáadáa tó sì ń gbọ́rọ̀, a kò sì rí Milton Obote níbi tó ti ń lò ó láti fi borí àwọn ọ̀tá tirẹ̀, kó tó di pé Amin gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1971 nígbà tí Obote wà ní Singapore. Ògiri náà ti lanu tipẹ́. Wọ́n kàn wá gé e kúrò nínú eré.

Àbúrò mi ní mo le jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fẹ́ jókòó wo ọ́fíìsì àti òǹtẹ̀?" Mo ní tirẹ̀ tọ̀nà, mo sì gbà pé eré kì í ṣe ìwé ìtàn: ó lè pa ọdún méjì pọ̀ di ọ̀sẹ̀ kan, ó lè fi ẹnì kan ṣe ẹni mẹ́ta, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yí padà ni ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀. Mo wá sọ ìtàn òwúrọ̀ ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1933 fún un, kó fi mọ̀ pé ọ́fíìsì lè dẹ́rù bani.

Franz von Papen, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀ rí, ló ṣètò bí Hitler ṣe máa dé ipò. Òun yóò jẹ́ igbákejì, Hitler yóò jẹ́ Kanzler, ìyẹn olórí ìjọba, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Hitler yóò jẹ́ mẹ́ta péré nínú ìgbìmọ̀ ìjọba tí a bá ka òun náà mọ́ wọn, Wilhelm Frick àti Hermann Göring sì ni méjì tó kù. Ó dá Papen lójú pé àwọn ti há a mọ́ igun ilé. Aago mọ́kànlá ni wọ́n fẹ́ búra fún wọn. Wọ́n ti pé jọ sí ọ́fíìsì Otto Meissner, akọ̀wé àgbà ààrẹ, wọ́n ń dúró kí wọ́n wọlé, nígbà tí Hitler ní òun fẹ́ kí wọ́n tún ìdìbò ṣe. Alfred Hugenberg, ẹni ọdún 67, kúkúrú, sísanra, olówó tó ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn àti Ufa, ilé iṣẹ́ fíìmù tó tóbi jù ní Jámánì, tí òun náà fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ ìjọba náà, ní òun kò gbà. Ó mọ̀ pé ìdìbò tí Hitler bá ṣe pẹ̀lú ọlọ́pàá lọ́wọ́ kì í ṣe ìdìbò. Papen bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Hitler fi ọlá rẹ̀ búra pé kò sí ẹni tí òun yóò yọ nípò lẹ́yìn ìdìbò, Hugenberg ní rárá. Aago mọ́kànlá kọjá. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan nínú yàrá yẹn, gbogbo ètò náà wà lọ́wọ́ arúgbó kan tó ń ṣe agídí, kì í sì í ṣe nítorí pé ènìyàn rere ni.

Meissner ló wá sọ fún wọn pé ààrẹ ti ń dúró, pé kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hugenberg tẹ̀ lé wọn wọlé.

Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ta ni ẹ máa fi ṣe Hitler níbẹ̀?" Mo ní kò jẹ́ nǹkan kan sí mi, kó ṣáà rí bí ẹni ọdún 43, kó sì mọ bí a ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ ènìyàn. Meissner ni mo ti ń wá òṣèré fún látìgbà náà, ẹni tó lè sọ pé àkókò ti ń lọ bí ẹni tó ń sọ pé kọfí ti ń tutù.